Ọkọ̀ ogun Jámánì tó rì ní Scapa Flow: bẹ́ ẹ ṣe máa múra fún òtútù ẹ̀ láti Èkó níbí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí bẹ́ ẹ ṣe lè mòòkùn lọ wo àwọn ọkọ̀ yìí, òkè Scotland lọ́hùn-ún ni Scapa Flow wà, ní Orkney, ibẹ̀ làwọn ọmọ ogun ojú omi Jámánì ti fọwọ́ ara wọn ri ọkọ̀ wọn ní June 21, 1919, nínú 74 ọkọ̀, 52 ló rì, wọ́n ti hú púpọ̀ nínú ẹ̀ tà bí irin àlòkù, àwọn ńlá 7 ló ṣì wà nísàlẹ̀.

Ká sòótọ́, òtútù ni wàhálà ibẹ̀. Àwọn tó ń mòòkùn wa yanrìn ní ọ̀sà tiwa níbí, aṣọ ara wọn náà ni wọ́n fi ń wọlé, ẹ má dán an wò lọ́hùn-ún o.

Kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ra áìsì bulọ́ọ̀kù, ẹ fọ́ ọ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ fún bí ìṣẹ́jú 5, kẹ́ ẹ wá ta kókó sí okùn, ẹ tú u, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì. Màmá mi ní orí mi ti yí. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ìka ò gbọ́ràn mọ́ ni mo mọ̀ pé mi ò tíì ṣetán.

Dráísúùtì, aṣọ tí omi kì í wọ̀ yẹn, inú púùlù ni kẹ́ ẹ ti kọ́ ọ, torí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ máa ń wú bẹ́ ẹ ṣe ń gòkè, tẹ́ ò bá tú u síta ó máa gbé yín fòò lọ sókè, ìyẹn lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ wo ọrùn ẹ̀ dáadáa: irun tí mo di ní Yábàá, ẹyọ kan péré ló há sábẹ́ rọ́bà ọrùn, omi yìnyín sì ń ṣàn wọ̀ mí láyà wọ́ọ́rọ́wọ́ títí mo fi jáde.

Ẹ bèèrè rẹ́gúlétọ̀ omi tútù, ohun tẹ́ ẹ máa fi sẹ́nu láti mí afẹ́fẹ́ inú sílíńdà, torí atẹ́gùn máa ń tutù sí i bó ṣe ń jáde nínú sílíńdà, yìnyín lè há a sí ṣíṣí, gbogbo ẹ̀ á sì máa tú yàà. Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ gba ti ẹnì kejì yín, kẹ́ ẹ jọ gòkè díẹ̀díẹ̀.

Nínú àwọn ọkọ̀ 7 yẹn, Karlsruhe ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, bíi mítà 26 ló jìn sísàlẹ̀, Markgraf jìn tó 45. Ẹ má wọnú ọkọ̀ kankan, ẹ má mú nǹkan kan, òfin wà níbẹ̀. Royal Oak, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó rì síbẹ̀ ní 1939 ńkọ́? Sàréè ni, ó lé ní 800 èèyàn tó kú síbẹ̀, ẹ má béèrè.

Tẹ́ ẹ bá jáde kẹ́yìn, kí wákàtí 24 pé kẹ́ ẹ tó wọ bàálù padà sÍkẹjà.