Dialog tó ń fún pọ̀ lórí Android
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Bí dialog (àpótí kékeré tó ń yọ sójú app) tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín ṣe bá rí tín-ín-rín láàárín ojú fóònù, bẹ́ẹ̀ match_parent (kó gba gbogbo ìbú) lẹ kọ sínú XML, fáìlì tẹ́ ẹ fi to ojú rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ da XML yẹn rú. Window dialog náà, ìyẹn férémù tí Android fi gbé e sójú fóònù, ló ń pinnu ìbú. Ẹ pe show() tó ń gbé dialog jáde ná, kẹ́ ẹ tó kọ èyí, kí ìbú lè kún, kí gíga sì bá ohun inú rẹ̀ mu:

dialog.window?.setLayout(MATCH_PARENT, WRAP_CONTENT)

Èmi kọ ọ́ ṣáájú show() lórí AlertDialog (dialog tí Android ti ṣe sílẹ̀), kò ṣiṣẹ́, ìrọ̀lẹ́ odindi ló bá a lọ! Tó bá jẹ́ DialogFragment (fragment tó ń gbé dialog), inú onStart() rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi ìlà yẹn sí.

Igun funfun tó ń yọjú lẹ́yìn káàdì inú dialog tẹ́ ẹ ti sọ igun rẹ̀ di róbótó ńkọ́? Ẹ fún window yẹn kan náà ní setBackgroundDrawable(ColorDrawable(Color.TRANSPARENT)), á pòórá.