Gbígbé kọ̀ǹpútà ilé sí Windows 11: àwọn àṣìṣe tó ń kó báni

Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró. Bí ẹ bá yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lágbègbè Ọláìyá tàbí Òkè-Fìà ní Òṣogbo báyìí, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa bá lẹ́nu oníbàárà: “Ẹ bá mi gbé e sí 11.” Kò sí aburú nínú ìyẹn. Windows tí wọn kò bá di ihò rẹ̀ mọ́, ojoojúmọ́ ni ewu rẹ̀ ń pọ̀ sí i, pàápàá fún ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà wọ àkáǹtì báǹkì rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ẹjọ́ kọ̀ǹpútà tí mo ń gbọ́, ó ṣọ̀wọ́n kí Windows 11 fúnra rẹ̀ jẹ̀bi. Ìkánjú ló sábà máa ń jẹ̀bi, òun àti fọ́máàtì.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọ́máàtì nígbà tí kò yẹ

Èyí ló ń dunni jù. Ìyá kan gbé láptọ́ọ̀pù dé ṣọ́ọ̀bù.

“Ọmọ mi, wọ́n ní Windows tèmi ti di ti àtijọ́.”

“Kò sí wàhálà, Mọ̀mí. A máa fọ́máàtì ẹ̀ fún yín. Ẹ padà wá ní aago mẹ́rin.”

Aago mẹ́rin lù, Windows 11 ń dán lójú kọ̀ǹpútà. Fọ́tò ìsìnkú bàbá, ìwé owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, iṣẹ́ àṣekágbá ọmọ tó wà ní UNIOSUN, gbogbo rẹ̀ ti di àwátì. Ẹnjiníà náà á ní, “Mọ̀mí, ẹ ò sọ pé nǹkan wà níbẹ̀ o.” Àfi bíi pé ó yẹ kéèyàn máa gbé kọ̀ǹpútà òfìfo kiri!

Fọ́máàtì ń nu gbogbo ohun tó wà lórí apá hard disk tí wọ́n bá ṣe é fún. Láti Windows 10 bọ́ sí 11 kò bèèrè irú ìyẹn. Inú Windows 10 gan-an lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀: ẹ ṣí Settings, ẹ lọ sí Windows Update, tàbí kí ẹ gba Installation Assistant láti ìkànnì Microsoft. Fáìlì yín á dúró síbi tó wà, àwọn ètò tí ẹ ń lò náà á dúró, ẹ ò sì ní san kọ́bọ̀ bí Windows 10 yín bá jẹ́ ojúlówó. Tó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù lẹ gbé e lọ, ẹ sọ ọ́ kedere: “Mi ò fẹ́ fọ́máàtì. Upgrade ni mo fẹ́.” Ibi tí fọ́máàtì ti pọn dandan ni kí Windows 10 yín jẹ́ 32-bit, irú Windows ti àtijọ́, nítorí Windows 11 kò ní ti 32-bit rárá.

Síbẹ̀, ẹ má tìtorí èyí sọ pé ẹ ò ní kó fáìlì yín pamọ́. Ibí yìí ni àwọn tó gbọ́n díẹ̀ ti ń ṣubú. Wọ́n á kó gbogbo nǹkan láti C lọ sí D, ọkàn wọn á balẹ̀. C àti D tí ẹ ń wò yẹn, orí hard disk kan náà ni wọ́n sábà máa ń wà. Bí hard disk yẹn bá kú, tàbí tí ẹni tó ń tún un ṣe bá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, àwọn méjèèjì jọ lọ ni. Inú hard disk mìíràn tí ẹ lè yọ, tàbí orí Google Drive tàbí OneDrive, ni kí ẹ kó wọn sí. Kí ẹ sì ṣí fáìlì bíi mélòó kan wò níbẹ̀ kí ẹ tó fọkàn tán an.

“Core i5 ni o”

Ìdáhùn tí mo máa ń gbọ́ nìyẹn bí mo bá béèrè bóyá ẹ̀rọ lè gbé Windows 11. Mo mọ̀ pé Core i5 ni. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ló ṣe pàtàkì. Ẹ tẹ àmì Windows àti R pọ̀, ẹ kọ msinfo32, ẹ wá wo ibi tí wọ́n kọ Processor sí, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Bó bá jẹ́ i5-6300U, ìran kẹfà nìyẹn. I5-8250U jẹ́ ìran kẹjọ. I5-10210U jẹ́ ìran kẹwàá. Ní ti Intel, ìran kẹjọ sókè ni Microsoft ń gbà fún Windows 11, àyàfi ìwọ̀nba díẹ̀. Ní ti AMD, Ryzen 2000 sókè ló sábà máa ń jẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo Ryzen 2000 ni wọ́n ń gbà. Wọ́n tún ń bèèrè TPM 2.0 (ohun ààbò tó ń pa kọ́kọ́rọ́ mọ́ nínú ẹ̀rọ), Secure Boot (tí kì í jẹ́ kí ètò ayédèrú bá ẹ̀rọ tan), RAM 4GB àti ààyè 64GB lórí disk. Ètò kékeré kan tí Microsoft ṣe, PC Health Check, á yẹ gbogbo rẹ̀ wò, á sì sọ èyí tí ẹ̀rọ yín kù sí.

Èyí kan ẹni tó fẹ́ ra tokunbo náà. EliteBook 840 G3 àti G5 jọra lójú, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ṣùgbọ́n ìran kẹfà ló wọ́pọ̀ nínú G3, tí ìran kẹjọ sì wọ́pọ̀ nínú G5. Bí olùtajà bá ní, “Windows 11 ti wà nínú ẹ̀, ẹ̀gbọ́n,” ẹ ṣì wo nọ́ńbà processor. Ọgbọ́n wà tí wọ́n fi ń fi tipátipá gbé 11 sórí ẹ̀rọ tí kò kúnjú ìwọ̀n, Microsoft kò sì ṣèlérí pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ á máa rí àtúnṣe gbà. Ti Core 2 Duo àtijọ́ tiẹ̀ le jù: láti ẹ̀dà 24H2 tó jáde lọ́dún 2024, Windows 11 kì í tan lórí wọn mọ́ rárá.

Èmi ò fara mọ́ tipátipá yìí, pàápàá lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí ilé ní. Microsoft fi ètò kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ ESU, tí Windows 10 fi lè máa gba àtúnṣe ààbò títí di ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá 2026. Dọ́là 30 ni owó rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó bá fi àkáǹtì Microsoft rẹ̀ tọ́jú settings kọ̀ǹpútà náà. Tó bá jẹ́ pé Facebook, YouTube àti lẹ́tà lásán lẹ fi ń ṣe, Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows, á ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ẹ̀rọ àgbà, ẹ sì lè dán an wò láti orí fláàṣì láì fọwọ́ kan ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà.

Kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn

Nígbà mìíràn, ẹ̀rọ ní TPM, pípa ni wọ́n pa á nínú BIOS, ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó wọlé. Intel ń pè é ní PTT, AMD ń pè é ní fTPM. Títan án kò le. Ṣùgbọ́n bí BitLocker tàbí Device Encryption, àwọn ètò tó ń ti fáìlì pa, bá ti wà lórí kọ̀ǹpútà náà, ó lè rí i pé ẹnìkan ń tọwọ́ bọ BIOS, kó wá ní kí ẹ mú kọ́kọ́rọ́ ìràpadà wá, ìyẹn nọ́ńbà ẹyọ 48 tó tò tẹ̀ léra. Ẹni tí kò bá ní i, fáìlì rẹ̀ ti tì pa nìyẹn, kò sí ẹnjiníà tó lè bẹ̀ ẹ́.

Níbo ni nọ́ńbà yẹn máa ń wà? Nínú àkáǹtì Microsoft tí wọ́n fi wọlé nígbà tí wọ́n ń ṣètò kọ̀ǹpútà náà. Ọ̀rọ̀ dé nìyẹn o. Bí Windows 11 Home bá béèrè ímeèlì, tí ọmọ ṣọ́ọ̀bù bá sì fi tiẹ̀ sí i kí iṣẹ́ lè yá, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ilé yín wà. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó ti kó lọ sí Ìbàdàn, ó ti pààrọ̀ nọ́ńbà. Ímeèlì tiyín ni kí ẹ jẹ́ kí wọ́n lò. Ẹ jókòó tì wọ́n tí wọ́n bá dé ibẹ̀, kí ẹ fúnra yín tẹ password. Kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ẹyọ 48 yẹn sínú ìwé, kì í ṣe sínú kọ̀ǹpútà kan náà.

Iná, dátà, àti activator

Láptọ́ọ̀pù tó jẹ́ pé bí wáyà bá ti yọ ló kú, ẹ má fi iná ìta nìkan ṣe é. Bí iná bá lọ níbi tó ti ń kó ara rẹ̀ jọ, ó lè má tan mọ́. Ẹ dúró de ìgbà tí ẹ bá ní ìnfátà tàbí jẹnẹrétọ̀ tí epo rẹ̀ kún. Dátà náà ńkọ́? Ohun tí ẹ máa gbà tó 4GB sókè, nítorí náà hotspot orí fóònù tó ku díẹ̀ kò lè gbé e. Tó bá sì jẹ́ Media Creation Tool lẹ fẹ́ fi ṣe fláàṣì, fláàṣì tó tó 8GB ló ń fẹ́, ó sì máa nu gbogbo ohun tó wà lórí fláàṣì yẹn.

Ti activator, ètò ayédèrú tí wọ́n fi ń ṣí Windows láì sanwó, ẹ sá fún un. Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń bèèrè ni pé kí ẹ pa Defender, ètò tó ń ṣọ́ Windows. Ta ló máa ní kí ẹ so ajá yín mọ́lẹ̀ bí kò ṣe olè? Púpọ̀ nínú láptọ́ọ̀pù tokunbo ló ti ní key ojúlówó (nọ́ńbà àṣẹ Windows) tí ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n kọ sínú wọn, Windows á sì rí i fúnra rẹ̀.

Tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ẹ má tíì pa fódà Windows.old, níbi tí Windows 10 yín wà, rẹ́ nítorí pé ààyè kún. Ọjọ́ 10 lẹ ní láti padà sí Windows 10 nínú Settings, lábẹ́ Recovery. Láàárín ọjọ́ 10 yẹn ni kí ẹ tẹ nǹkan lórí pírińtà, kí ẹ dán scanner wò, kí ẹ ṣí CorelDRAW tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́. Pírińtà àtijọ́ ló máa ń kọ́kọ́ ṣe agídí.