Oògùn Adìẹ: Ẹ Má Fún Wọn Ní Ìdajì

Ẹ̀yin olósìn adìẹ ní Kubwa, Lugbe, Gwagwalada àti Suleja la kọ ìwé yìí fún, títí kan ẹni tó ń sin mẹ́wàá péré lẹ́yìnkùlé. A kò ní sọ̀rọ̀ ilé adìẹ tàbí oúnjẹ; ẹ mọ ìyẹn. Àṣìṣe kan ṣoṣo la fẹ́ bá wí: kí a fi ìdérí ìgò wọn oògùn apakòkòrò (antibiotic) sínú kẹ́ẹ̀gì omi, kí a sì dá a dúró lọ́jọ́ kejì nítorí pé adìẹ ti ń jẹun padà.

Ìwọ̀n ara adìẹ ni oògùn ń tẹ̀lé, kì í ṣe ìwọ̀n kẹ́ẹ̀gì. Bí dókítà ẹran bá kọ oògùn apakòkòrò enrofloxacin 10% (mílígíráàmù 100 nínú mílílítà 1) fún bíróílà, mílígíráàmù 10 ni fún kílò kan lóòjọ́, ìyẹn mílílítà 1 fún kílò 10. Bíróílà 200 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó kílò 1.5 jẹ́ kílò 300: mílílítà 30 lóòjọ́, fún ọjọ́ 3 sí 5 gẹ́gẹ́ bí dókítà bá ṣe kọ ọ́. Síríńjì ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ẹ gbé adìẹ bíi 10 sórí ìwọ̀n kí ẹ tó ṣírò. Adìẹ tó ń yé ẹyin tí èèyàn máa jẹ kò gbọ́dọ̀ mu oògùn yìí rárá.

Omi ló máa ń da ìṣirò rú níhìn-ín. Adìẹ ńlá 100 ń mu nǹkan bíi lítà 20 sí 25 lóòjọ́. Nínú ooru oṣù kẹta àti ìkẹrin, ó lè di ìlọ́po méjì. Nígbà ọyẹ́, ó máa ń wálẹ̀. Ẹni tó ń fi iye kan náà sí lítà kọ̀ọ̀kan láti ọdún dé ọdún ń fún wọn ní àpọ̀jù nígbà ooru, ó sì ń dín in kù nígbà ọyẹ́. Ẹ wọn omi tí wọ́n mu lánàá, kí ẹ po oògùn òní mọ́ iye yẹn. Omi oògùn náà kò gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú.

Kí ló dé tí ìdajì fi burú? Awọ ni. E. coli àti Salmonella, kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àìsàn, ní awọ ọlọ́ràá méjì. Ihò tín-ín-rín tó wà lára awọ òde ni oògùn ń gbà wọlé. Àwọn kòkòrò kan ń dín ihò yẹn kù, àwọn mìíràn ní ohun kan lára awọ tó ń fa oògùn padà síta. Ìdajì á pa aláìlera, á fi alágídí sílẹ̀. Bí ibẹ̀ bá sì rọ E. coli lọ́rùn, láàárín nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú ni ọ̀kan ń di méjì.

Alágídí náà kì í sì dá agídí rẹ̀ ní. Á na okùn tín-ín-rín sí kòkòrò ẹgbẹ́ rẹ̀, á fà á mọ́ra títí awọ yóò fi kan awọ, á wá fún un ní ẹ̀dà plasmid, òrùka DNA kékeré tó ru jíìnì (ìlànà agídí náà). Kò pọn dandan kí wọ́n jẹ́ ẹ̀yà kan náà: E. coli adìẹ lè fún Salmonella, ó sì lè fún èyí tó wà nínú ikùn ọmọ tó ń gbá ilé adìẹ. Lọ́dún 2015, wọ́n kéde jíìnì mcr-1 ní Ṣáínà. Orí plasmid ló wà, ó sì ń yí ọ̀rá awọ òde padà kí oògùn apakòkòrò colistin má lè rí ibi dì mú. Colistin yìí ni ilé ìwòsàn ń tọ́jú de ìgbà tí oògùn yòókù bá kùnà, òun náà ló sì máa ń wà nínú oògùn adìẹ alápòpọ̀. Ẹ ka ara páálí. Bí ẹ bá rí i níbẹ̀ tí kì í ṣe dókítà ló kọ ọ́, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.

Ìgbẹ́ adìẹ tútù ń gbé kòkòrò wọ̀nyí lọ sínú oko ẹ̀fọ́ fàdámà, sórí létúùsì tí ẹnikẹ́ni kì í sè. Ẹ kó o jọ kó ga tó mítà 1, kó ní ọ̀rinrin díẹ̀ láìkán omi, kí inú rẹ̀ gbóná tó 55°C ó kéré tán fún ọjọ́ 15, kí ẹ sì yí i nígbà 5. Bí kò bá gbóná, ó gbẹ jù tàbí ó kéré jù.

Ọṣẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi fọ ọpọ́n omi, kí bílíìṣì tó tẹ̀ lé e. Bílíìṣì tí ẹ dà lé ìgbẹ́ ti ṣòfò. Newcastle ńkọ́? Fáírọ́ọ̀sì ni, oògùn apakòkòrò kò ràn án, àjẹsára ni kí ẹ fún wọn kó tó dé. Oògùn tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, tàbí tí páálí rẹ̀ kò kọ iye ọjọ́ tí ẹ máa dúró kí ẹ tó pa adìẹ náà tà, ẹ má rà á.