Kẹ́mò Mẹ́rin, Tẹmómítà Kan

Oògùn náà pupa nínú sìrínjì, àfi bí ẹni pé sóbò ni. Doxorubicin lorúkọ rẹ̀, ọ̀kan nínú kẹ́mò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi pé ìtọ̀ mi á pupa fún ọjọ́ kan sí méjì, pé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Mo dá a lóhùn pé mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i nílé lálẹ́ ọjọ́ náà, igbe tí mo ké ló mú kí ọkọ mi já ilẹ̀kùn wọlé.

Jẹjẹrẹ ọmú ló gbé mi débẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbà á pọ̀ mọ́ cyclophosphamide, ọjọ́ 21 síra wọn. Ti cyclophosphamide yìí, omi ni kó o máa mu, kó o sì máa tọ̀, kódà lóru, torí ó lè ha àpò ìtọ̀ lára.

Nígbà tí mo ń gba kẹ́mò ẹlẹ́ẹ̀kejì, ibi tí abẹ́rẹ́ wọlé bẹ̀rẹ̀ sí í jó mi. Mo fẹ́ fara dà á, kí wọ́n má sọ pé mo ti ya ọ̀lẹ. Nọ́ọ̀sì ló wo ojú mi, ó dá oògùn náà dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí oògùn pupa yẹn bá jò kúrò nínú iṣan, ẹran ara ló ń bàjẹ́. Ẹ má dákẹ́ o.

Èébì kò tó bí mo ṣe rò. Àṣìṣe mi ni pé mo ń dúró kí inú rú kí n tó lo ondansetron, oògùn tó ń dá èébì dúró. Nígbà tó yá, mo ń lò ó ní àkókò rẹ̀, inú rú, inú kò rú. Ondansetron kò wá jẹ́ kí n rí ìgbẹ́ yà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìbẹ́pẹ àti omi ló gbà mí. Lafún, èmi ọmọ Ẹ̀gbá, òórùn rẹ̀ ń lé mi kúrò ní kíṣìnnì! Ẹ̀kọ tútù àti mọ́ínmọ́ín ló ń dúró nínú mi. Ṣíbí irin ń ta mí lẹ́nu, mo bá ń fi ti rọ́bà jẹun. Nígbà tí ẹnu mi dégbò, mo ń fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ẹnu, mo ra búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, mo sì dágbére fún ata.

Irun lọ ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Ọjà Ìtòkú ni mo ti ń ta àdìrẹ. Gèlè kò wọ́n mi.

Ibà gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn kẹ́mò kejì, òtútù mú mi lálẹ́. Ìyá ọkọ mi ní, "Ibà ni, ìyàwó. Mo ti se àgbo dè ọ́." Ní Abẹ́òkúta, ara ta ni yóò gbóná tí wọn ò ní ní ibà ni? Mo ki tẹmómítà bọ abíyá: 38.4. Dókítà ti sọ ọ́ pé láàárín ọjọ́ 7 sí 14 ni sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń bá kòkòrò àrùn jà máa ń lọ sílẹ̀ jù, pé bó bá ti tó 38, kí n má fi parasẹ́támọ́ọ̀lù bò ó, kí n má dúró kí ilẹ̀ mọ́ kí n tó wá sí ilé ìwòsàn.

A wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ọ̀gbẹ́ni kan ní ká lọ tò láti gba káàdì. Ọkọ mi kígbe, "Kẹ́mò ni wọ́n ń fún un!" Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sáré. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n fa oògùn apakòkòrò sí mi lára. Wọ́n yẹ̀ mí wò fún ibà ẹ̀fọn pẹ̀lú; kò sí. Ọjọ́ márùn-ún ni mo lò. Láti ìgbà náà ni mo ti ń mú ìwé pélébé kan rìn tí mo kọ orúkọ oògùn àti ọjọ́ tí mo gbà á sí.

Mo gba àgbo náà tọwọ́tẹsẹ̀, mo gbé e sílẹ̀, torí dókítà ò fẹ́ kí ohunkóhun dà mọ́ kẹ́mò. Mi ò bá ìyá jiyàn. Nígbà kẹ́mò kẹta àti ìkẹrin, òun gan-an ló ń kan ilẹ̀kùn mi láràárọ̀: "Ìyàwó, èló ló kà lónìí?"