Àmì Tí Kò Gbọ́dọ̀ Di Ọ̀la Lára Ẹni Tó Ń Lo Oògùn Àìsàn Ọpọlọ

Bí ẹnì kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ haloperidol, risperidone tàbí olanzapine, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti lajú jù, àti ìgbàkúùgbà tí dókítà bá fi kún oògùn náà. Ẹ kọ orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀ àti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí ìwé. Dókítà pàjáwìrì máa bèèrè rẹ̀.

Èyí tó ń tètè pani ni ibà tó bá ara líle wá. Ẹ di apá rẹ̀ mú, kí ẹ rọra ká a níbi ìgúnpá. Apá tó dá ṣáká á tẹ̀lé yín. Eléyìí á le bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bíi pé ẹ ń tẹ òjé. Tó bá tún ń làágùn, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dàrú, tí tẹmọ́mítà sì ti kọjá 38°C, ẹ má fún un ní oògùn tó kàn. Ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀. Ìtọ̀ tó dúdú bíi tíì túmọ̀ sí pé iṣan ti ń bàjẹ́, ìdọ̀tí rẹ̀ sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Ọrùn lè lọ́, ojú lè yí sókè kó má sọ̀ mọ́, pàápàá lára ọ̀dọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀ tó gba haloperidol. Kì í ṣe eré. Abẹ́rẹ́ benztropine tàbí biperiden sábà máa ń tètè tú u. Àmọ́ tí kò bá rí èémí mí dáadáa, ọ̀fun ti fún nìyẹn: pàjáwìrì ni.

Èyí tí wọ́n máa ń ṣì mú jù ni àìlèjókòó: á dìde, á rìn, á jókòó, á tún dìde. Wọ́n á ní àìsàn ti padà, wọ́n á fi kún oògùn, ìyọnu náà á sì le sí i. Ẹ bi í léèrè: “Ṣé ìrònú ni kò jẹ́ kóo sinmi, àbí ẹsẹ̀ rẹ ni kò gbà?” Tó bá ní ẹsẹ̀ ni, ẹ sọ ọ́ fún dókítà lọ́jọ́ náà. Àwọn kan ti torí rẹ̀ ronú àti pa ara wọn.

Clozapine, oògùn àìsàn ọpọlọ mìíràn, ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀fun dídùn pẹ̀lú ibà ń béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, torí ó lè pa sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá kòkòrò àrùn jà. Àyà dídùn tàbí ọkàn tó ń sáré ní oṣù méjì àkọ́kọ́ kò ṣeé fọwọ́ rọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àìrígbẹ́yà: ikùn wíwú pẹ̀lú èébì lè jẹ́ ìfun tó ti dí. Tí ẹni náà kò bá sì lo clozapine fún ohun tó ju wákàtí 48 lọ, ẹ má padà sórí ìwọ̀n àtijọ́. Dókítà ló máa tún un bẹ̀rẹ̀, láti 12.5 mg.

Ẹnu tó ń jẹ lásán, ètè tó ń ta, lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún, kì í ṣe pàjáwìrì, àmọ́ ó lè má lọ mọ́ tí ẹ bá pẹ́ kí ẹ tó sọ. Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín nítorí rẹ̀.