Máṣíìnì Àtijọ́ Tí Kò Fẹ́ Jí Láàárọ̀: Ẹ Wo Iná Kí Ẹ Tó Ra Nǹkan

Òtútù Èkó kò tó ohun tí í dá ẹ́ńjìnnì dúró, ì báà jẹ́ nínú ọyẹ́. Ohun tó ń yọ máṣíìnì (alùpùpù) àtijọ́ lẹ́nu níbí láàárọ̀ ni ọ̀rinrin, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ tó ń ti ọ̀sà wá, àti epo tó ti pẹ́ jù nínú táǹkì. Ẹni tó ń gbé Ẹbúté Mẹ́ta tàbí Ìdúmọ̀tà mọ bí irin ṣe ń tètè dípẹtà. Ọ̀pọ̀ Honda CG125 àti Jincheng ni wọ́n sì ti gbé kalẹ̀ láti oṣù kẹfà ọdún 2022, nígbà tí ìjọba fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà. Máṣíìnì tó jókòó lábẹ́ tàpólì máa ń bàjẹ́ ju èyí tó ń rìn lọ.

Kí ẹ tó gbọ̀nà ọjà Ládipọ̀ lọ ra púlọ́ọ̀gì (èyí tó ń tàná nínú ẹ́ńjìnnì), CDI (àpótí kékeré tó ń darí iná) àti kọ́ìlì (èyí tó ń sọ iná di alágbára) pa pọ̀, ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó ṣàìsàn. Iná tí púlọ́ọ̀gì ń ta là ń wò ṣáájú, torí pé kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ ti fìlà rẹ̀ bọ̀ ọ́ lórí padà, kí ẹ wá fi ara irin rẹ̀ kan orí ẹ́ńjìnnì níbi tí kò sí ọ̀dà. Ẹ gbé e jìnnà sí ihò tí ẹ ti yọ ọ́, nítorí epo á máa fẹ́ jáde níbẹ̀ tí ẹ bá ń gbá kíìkì, iná sì lè ràn án. Ẹ má fi ọwọ́ lásán dì í mú. Ẹni tí kọ́ìlì bá ti gbá rí kò nílò àlàyé. Ẹ wá ibi òjìji, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, ẹ gbá kíìkì dáadáa. Iná tó péye máa ń rí búlúù, ó nípọn, ẹ ó sì gbọ́ bó ṣe ń dún tá, tá. Èyí tó pupa, tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, lè máa fò níta, àmọ́ kò ní lè fò nínú ẹ́ńjìnnì níbi tí afẹ́fẹ́ ti fún mọ́ra. Bí máṣíìnì yín bá jẹ́ ti CDI, ẹ má ṣe gbá kíìkì nígbà tí púlọ́ọ̀gì kò kan irin: iná tí kò rọ́nà gbà lè jó kọ́ìlì tàbí CDI fúnra rẹ̀.

Tí iná kò bá sí rárá, ẹ má tíì dá CDI lẹ́bi. Lára Honda tó ń lo CDI, wáyà dúdú tó ní ìlà funfun ni kọ́kọ́rọ́ fi ń pa ẹ́ńjìnnì. Ó ń fi í kan áàtì, ìyẹn ara irin máṣíìnì, ni. Ẹ yọ wáyà yẹn níbi CDI, ẹ tún iná wò. Bó bá padà wá, kọ́kọ́rọ́ tàbí wáyà tó lọ síbẹ̀ ni omi ti wọ̀. Ẹ rántí pé kọ́kọ́rọ́ kò ní lè pa á mọ́ nígbà tí wáyà yẹn bá wà níta; jíà àti bíréèkì lẹ ó fi pa á.

Ibi tó tún yẹ ká wò ni fìlà púlọ́ọ̀gì. Yíyí là ń yí i kúrò lára wáyà kọ́ìlì, a kì í fà á yọ. Ẹ wo ojú kọ́pà tó wà nínú wáyà: tó bá ti ní àwọ̀ ewé, ẹ gé bíi 5 mm kúrò kí ẹ yí fìlà padà sórí èyí tó mọ́. Omi ibi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀ ló sábà máa ń wọbẹ̀. Tó bá di alẹ́, ẹ gbé máṣíìnì síbi tó ṣókùnkùn biribiri, kí ẹnì kan gbá kíìkì, kí ẹ sì tẹjú mọ́ wáyà kọ́ìlì. Bí rọ́bà rẹ̀ bá ti sán, ẹ ó rí iná wínníwínní tó ń rá pálá lára rẹ̀ lọ sórí férémù. Wáyà yẹn ti parí iṣẹ́ nìyẹn. Ẹ tú bóòtù tó de kọ́ìlì mọ́ férémù náà, kí ẹ ha ìpẹtà abẹ́ rẹ̀ kúrò. Láìsí áàtì, kò sí iná.

Máṣíìnì oní póíńtì (irin méjì tó ń kanra tó sì ń là, dípò CDI) ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ fi sáńpépà wẹ́wẹ́, nọ́ńbà 400 tàbí 600, nu orí méjèèjì tó ń kanra, lẹ́yìn náà kí ẹ fa páálí mímọ́ kọjá láàárín wọn, torí pé eruku sáńpépà nìkan tó dí iná lọ́nà. Ẹ yí màgínẹ́ẹ̀tì (irin rìbìtì tó ń yí pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì) títí póíńtì á fi là tán, kí àlàfo rẹ̀ jẹ́ 0.3 sí 0.4 mm. Bí iná ńlá bá ń fò láàárín póíńtì tí orí rẹ̀ sì ń tètè jó, kọndẹ́ńsà (èyí tó ń gba iná mọ́ra kí póíńtì má bàa jó) ló kú. Ẹ má pààrọ̀ póíńtì kí ẹ fi kọndẹ́ńsà yẹn sílẹ̀.

Púlọ́ọ̀gì CG125 ni NGK D8EA, àlàfo rẹ̀ 0.6 sí 0.7 mm. Ẹni tí kò ní géèjì lè fi bíléèdì ayùn irin wọ̀n ọ́n, ó sún mọ́ 0.6. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà, nítorí náà ẹ má ju ògbólógbòó nù títí tuntun á fi fi ara rẹ̀ hàn.

Iná ti dáa, máṣíìnì ò sì jí? Ẹ wo ẹnu púlọ́ọ̀gì lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbá kíìkì bíi mẹ́wàá. Tó bá gbẹ, epo kò dé ibẹ̀. Tó bá rin gbingbin, epo ti pọ̀ jù: ẹ ti táàpù epo, ẹ sọ ṣóòkì (èyí tó ń dín afẹ́fẹ́ kàbúrétọ̀ kù) kalẹ̀ pátápátá, ẹ yí ọwọ́ epo dé òpin, kí ẹ gbá kíìkì lẹ́ẹ̀mẹfà sí mẹ́jọ, lẹ́yìn náà ẹ gbẹ púlọ́ọ̀gì. Ẹ tú bóòtù ìsàlẹ̀ ago kàbúrétọ̀, kí ẹ gbe epo inú rẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ gaara. Omi á rọ̀ sísàlẹ̀, á sì ṣù bí ìlẹ̀kẹ̀. Epo tó ti lé ní oṣù mẹ́ta, tó ń rùn bí ọ̀dà, ẹ dà á nù, kí ẹ da èyí tó wà nínú táǹkì nù pẹ̀lú.

Máṣíìnì tó ń jí tí ṣóòkì bá wà lókè, tó sì ń kú ní kété tí ẹ bá sọ ọ́ kalẹ̀, jẹ́ẹ̀tì kékeré rẹ̀ (ihò tí epo ń gbà nínú kàbúrétọ̀) ló dí. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un, ihò rẹ̀ á fẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Ẹyọ fọ́nrán kọ́pà kan láti inú wáyà iná ilé ló dára jù, pẹ̀lú oògùn tí a fi ń fọ kàbúrétọ̀.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti dáa, báyìí la ṣe ń jí i láàárọ̀: ẹ ṣí táàpù, ẹ fa ṣóòkì tán, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ kíìkì wọ́ọ́rọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì láìṣí kọ́kọ́rọ́, ẹ wá ṣí i kí ẹ gbá a lẹ́ẹ̀kan, ẹ kò gbọdọ̀ yí ọwọ́ epo rárá. Bó bá ti gbiná, ẹ máa sọ ṣóòkì kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì.

Èyí tí iná rẹ̀ dáa, tí epo dé, ṣùgbọ́n tó ń ta kíìkì padà sí yín lẹ́sẹ̀ tàbí tó ń bú gbàmù nínú sàlẹ́ńsà, ẹ tú màgínẹ́ẹ̀tì. Irin pẹlẹbẹ kékeré tó dì í mú sójú ìlà rẹ̀ ti lè gé, iná á sì máa wá nígbà tí kò yẹ. Owó kékeré ni wọ́n ń tà á, àmọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa màgínẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ lò, ẹ má fi òòlù lù ú.