Abẹ́rẹ́ Àjẹsára àti Nǹkan Oṣù: Ẹ Kọ Ọjọ́ Sílẹ̀, Ẹ Gbé Kán-ún Jìnnà

Ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn ẹgbẹ́ obìnrin àgbẹ̀ àti ìdílé wọn ní Òṣogbo

Oyún oṣù méjì ló bọ́ lára ọ̀kan nínú àwọn tó ń dín gàrí lọ́nà Ìlobùú, òun ló fà á tí wọ́n fi ní kí n kọ ìwé yìí. Arábìnrin náà gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́jọ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì wá sí ọjà. Nígbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò dé bó ṣe ń retí rẹ̀, ẹni tí wọ́n jọ wà nídìí agbada ní abẹ́rẹ́ ló sé e, kó po kán-ún mọ́ ògógóró kó fi fọ̀ ọ́ dànù. Ó mu ún ní alẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀jẹ̀ dé. Wọ́n tilẹ̀ ń bá a yọ̀: "Ẹ ò rí nǹkan! Abẹ́rẹ́ ti jáde." Ọjọ́ kejì, nígbà tí kò lè dìde mọ́ tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, ni wọ́n tó mọ ohun tó jáde.

Èmi kò wá kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan oṣù. Àwọn mìíràn nínú yín ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí mi. Àṣìṣe kan ṣoṣo ni mo wá bá jà, torí kò sí ẹgbẹ́ tí mo dé, láti Òkè-Bàálẹ̀ títí dé Ìdó-Ọ̀ṣun, tí n kò ti bá a pàdé: ẹ kì í kọ ọjọ́ sílẹ̀. Mo bi ìyá kan pé, "Ìgbà wo lẹ rí i kẹ́yìn, mà?" Ó ní, "Ṣé ẹ rántí òjò ńlá ọjọ́sí? Ó tó bí ọjọ́ méjì sí i." Ìyá yìí kan náà mọ ọjọ́ tí ẹni tó ra gàrí láwìn máa san owó, ó mọ iye tó kù, ó mọ ẹni tó ṣe onídùúró. Ìwé àwìn wà, káàdì alájọ wà, ti ara ẹni ni kò sí. Ẹni tí kò mọ ọjọ́ tí tirẹ̀ dé kẹ́yìn, báwo ló ṣe wá mọ̀ pé ó pẹ́?

Ẹ ra káàdì alájọ tí wọn kò tíì kọ nǹkan sí, irú èyí tó ní ilé 31. Ilé kan, ọjọ́ kan. Ẹ fa X sí ilé ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá dà, ẹ kọ A sí ọjọ́ tí ẹ bá gba abẹ́rẹ́, kí ẹ sì kọ orúkọ abẹ́rẹ́ náà sẹ́yìn káàdì. Alájọ kankan kò ní yọ owó ọjọ́ kan níbẹ̀. Ẹ ṣe é fún oṣù 3 ṣáájú abẹ́rẹ́ àti oṣù 3 lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí nọ́ọ̀sì bá ti dé tí ẹ ò tíì ní káàdì, ẹ má sún abẹ́rẹ́ síwájú. Bí ẹ bá ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́ pàápàá, ẹ lè gbà á.

Bí a ṣe ń kà á

Ibí ni gbogbo rẹ̀ ti ń dàrú. Bí a ṣe ń ka ọjọ́ ọjà kọ́ là ń ka èyí. Ọjà ọlọ́rọọrún tí a ná lónìí, ọjọ́ karùn-ún la ó tún ná an, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 4 péré ló wà níbẹ̀, nítorí a ka òní, a sì tún ka ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Bí ẹ bá ka nǹkan oṣù báyìí, ọjọ́ kan ti wọlé tí kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ tó tó fi aṣọ tàbí páàdì gbà bá yọ ni ọjọ́ 1. Ẹ má ka èyí tó kán tóótòòtó lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ẹ máa kà á lọ títí di ọjọ́ tó gbẹ̀yìn kí ẹ̀jẹ̀ mìíràn tó yọ, kí ẹ sì dúró síbẹ̀. Ọjọ́ tí èyí tuntun yọ, ọjọ́ 1 tirẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Ẹ̀jẹ̀ yọ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, òmíràn yọ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta kan náà. Láti 3 dé 30 jẹ́ ọjọ́ 28. Ẹni tó kà á bí ọjọ́ ọjà yóò ní 29 ni. Ẹni tí kò kà á rárá yóò pariwo pé abẹ́rẹ́ ti ba òun jẹ́, òun ṣe nǹkan oṣù lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan! Bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ gẹ́lẹ́. Mo ti gbọ́ ẹjọ́ yìí tó ìgbà mẹ́fà.

Láti ọjọ́ 24 sí 38 kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Bí ti oṣù yìí bá sì fi ọjọ́ díẹ̀ yàtọ̀ sí ti oṣù tó kọjá, tí kò tó ọjọ́ 8, kì í ṣe àìsàn. Ibà lè fà á, ààwẹ̀ lè fà á, ọ̀fọ̀ lè fà á.

Ohun tí abẹ́rẹ́ ń ṣe gan-an

Abẹ́rẹ́ Kòrónà ni wọ́n yẹ̀ wò jù. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2022, wọ́n ka ọjọ́ àwọn obìnrin tó lé ní 19,000 ní Amẹ́ríkà, Kánádà, Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ilẹ̀ Yúróòpù mìíràn. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kìíní, nǹkan oṣù fi ọjọ́ 0.71 pẹ́ sí i. Lẹ́yìn èkejì, ọjọ́ 0.56. Kò tó ọjọ́ kan ṣoṣo. Àṣìṣe tí ẹ ń ṣe nídìí kíka ọjọ́ bí ọjà ju ohun tí abẹ́rẹ́ ṣe lọ. Àwọn tó gba abẹ́rẹ́ méjèèjì kí nǹkan oṣù mìíràn tó dé ni tiwọn pẹ́ tó bí ọjọ́ 3.7. Iye ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dà kò yí padà.

Ti pé kó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ńkọ́? Lóṣù kẹwàá ọdún 2022, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Yúróòpù ní kí wọ́n kọ ọ́ mọ́ ohun tí abẹ́rẹ́ Pfizer àti Moderna lè fà, pé ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù lè pọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nítorí náà, obìnrin tó bá ní tòun pọ̀ sí i kò purọ́. Ẹ̀yin ọkọ àti ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ gbọ́ tirẹ̀ tán kí ẹ tó dá a lóhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìẹ ẹlẹ́yin náà mọ̀ ọ́n: bí a bá fún wọn ní àjẹsára adìẹ tó ń jẹ́ Lasota, ẹyin lè dín kù fún ọjọ́ mélòó kan kó tó padà sípò, kò sì sí ẹni tó tìtorí ẹ̀ kó adìẹ rẹ̀ dànù. (Ẹ jọ̀ọ́, n kò fi ẹnikẹ́ni wé adìẹ.)

Abẹ́rẹ́ kì í sé ilé ọmọ. Wọ́n ti wò ó lára àwọn tó ń wá oyún: àwọn tó gbà á àti àwọn tí kò gbà á ń lóyún bákan náà.

Bí kò bá dé

Oyún ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ ra páálí àyẹ̀wò oyún 1 ní kẹ́míìsì, kí ẹ fi ìtọ̀ àkọ́tọ̀ òwúrọ̀ ṣe é, kí ẹ má tì í kọjá ìlà tí wọ́n fà sí i. Ìlà 2, oyún ni, bí èkejì tilẹ̀ rí bàìbàì. Ìlà 1, ẹ dúró ọjọ́ 7, kí ẹ tún un ṣe. Bí ó bá tún jẹ́ ìlà 1 tí nǹkan oṣù kò sì dé, ó di ilé ìlera alábọ́dé, kí ẹ mú káàdì lọ́wọ́.

Ní gbogbo àkókò yìí, ẹ ò gbọdọ̀ mu kán-ún, ẹ ò gbọdọ̀ mu àgbo tí wọ́n fi ọtí ṣe, ẹ ò gbọdọ̀ gbé kápúsù tí ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀ mì. Abẹ́rẹ́ tó ti wọ ara kò ṣeé fọ̀ jáde. Mo tún un sọ: kò ṣeé fọ̀ jáde. Ẹni tó bá ń ta àgbo "ìfọbẹ́rẹ́" fún yín, owó yín ló ń fọ̀.

Bí páàdì bá ń kún láàárín wákàtí 1, tó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 2 léra, tàbí tí ojú ń ṣú yín, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kì í ṣe kẹ́míìsì. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kọjá ọjọ́ 8, ẹ lọ. Ìyá tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá fún oṣù 12 tó tún wá rí ẹ̀jẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹ̀kán kan, kó lọ. Kó má ṣe di ẹ̀bi rẹ̀ ru abẹ́rẹ́.

Abẹ́rẹ́ wo?

Orúkọ kan náà là ń pe ohun púpọ̀. Abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí wọ́n ń gbà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta kì í ṣe àjẹsára. Ìyẹn ń yí nǹkan oṣù padà lóòótọ́: ó lè máa kán díẹ̀díẹ̀, ó lè dá pátápátá, ó sì lè gba oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí ẹ bá dá a dúró kó tó padà. Mo ti rí ẹni tó gba ìfètò lọ́jọ́ Ajé tó gba àjẹsára lọ́jọ́ Ẹtì, tó wá lọ ń sọ káàkiri pé àjẹsára ló sé òun. Ẹ bi nọ́ọ̀sì ní orúkọ rẹ̀ kó tó gún yín.

Ti àwọn ọmọbìnrin: láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni abẹ́rẹ́ HPV, tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, ti wọ ètò àjẹsára orílẹ̀-èdè yìí fún ọmọ ọdún 9 sí 14, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ọjọ́ orí yẹn gan-an ni nǹkan oṣù ń bẹ̀rẹ̀, ọdún kìíní àti èkejì rẹ̀ kì í sì í tò. Ẹ má rí i pé ti ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ kò tò, kí ẹ wá fi àbúrò rẹ̀ pamọ́ sílé.

Ẹni tí kò mọ̀wé kò ní àwáwí. Ìyá kan tó ní àgbàdo lẹ́yìn Òkè-Bàálẹ̀ gbé ìgò kan sórí pẹpẹ. Ojoojúmọ́ ló ń sọ hóró àgbàdo 1 sínú rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, á da ìgò náà sórí àtẹ, á kà á, á sì sọ hóró tuntun sí i. Oṣù mẹ́ta tó ṣáájú abẹ́rẹ́, ó ka 27, 29, 28. Oṣù tó gba abẹ́rẹ́, ó ka 29.